Ọgbẹ́ Tí Mo Fẹ́ Atẹ́gùn Sí

Àbẹ̀kẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró mọjà àlékàn, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà tí kì í fi kóńgò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: àbúrò mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà.

Páànù ìsọ̀ rẹ̀ ló ya á lójúgun lọ́jọ́ Ajé. Ọgbẹ́ náà ò ju èékánná lọ. Ọ̀fun ń dùn mí lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé wa ní Agbówó, mo ṣe bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe: mo tú kápúsù, mo da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, mo sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu mi sí i kó má baà máa ta á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kọjá ìwé mẹ́fà, ẹ ti di dókítà.”

“Gbé ẹsẹ̀ dúró jàre.”

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọgbẹ́ gbẹ, a ní ó ti ń jinná. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú, ó gbóná bí ìkòkò orí iná, bẹ́ẹ̀ ojú ọgbẹ́ ṣì gbẹ. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé e dé ọsibítù, orúkọ ìyá wa ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń pè mí.

Dókítà, ọmọbìnrin pẹ̀lẹ́ kan, ní, “Màmá, kòkòrò tó wọ ọgbẹ́ yẹn ń tu oró sínú ẹ̀jẹ̀. Oró ọ̀hún ló ru àwọn ọmọ ogun inú ara àbúrò yín sókè, ilé tí wọ́n ń ṣọ́ gan-an ni wọ́n ń jó.”

Mo bi í níbi tí kòkòrò náà ti wá. Ó ní ó lè wà lára, ó lè wà lọ́fun.

Ọwọ́ mi lọ sọ́rùn. Mo jẹ́wọ́. Ó fi òwú nu ọ̀fun mi lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kejì ó ní irú kòkòrò kan náà ni.

“Kí ló dé tí kò mú èmi àgbà?”

“Oró lè jẹ́ ọ̀kan, Màmá, ara ò rí bákan náà. Ohun tí a jogún látinú ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀.”

“Bàbá kan, ìyá kan ló bí wa.”

“Ọmọ ìyá kì í pín irú ogún yẹn dọ́gba, mà.”

Kò ní mo jẹ̀bi, kò sì ní mi ò jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo ń dúró sí, mo fi ìborùn di ẹnu, ẹ̀rù èémí ara mi ń bà mí. Mo ń wo àyà rẹ̀, bóyá á tún gbéra.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n kì í wo sàréè àbúrò, nítorí náà ilé ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n sin Àbẹ̀kẹ́ ní Mọ́níyà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.