Ìbọ̀sẹ̀ Píǹkì Lẹ́sẹ̀ Ọmọ Dúdú

Ní Sátidé kan, mo lọ mú ọmọ ọmọ mi níbi tó ti ń kọ́ ijó báléè, mo sì bá a tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di igi gbọọrọ kan mú, wọ́n ń tẹ orúnkún, wọ́n tún ń nà án. Òun ká ọwọ́ sórí itan, ó ń wò wọ́n. Kò sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹkún mì.

"Kí ló dé tí o ò bá wọn jó?"

"Grandma, tíṣà ní ìbọ̀sẹ̀ mi ò dáa."

Èmi ni mo ra ìbọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ wá di tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í fẹ́ kí ìtàn ta kókó. Ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ náà, ló ní kí n wá sí Williamsbridge lókè òkun kí n lè máa bá a mójú tó ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni. Sátidé tí àwọn ẹlòmíràn fi ń sinmi, ẹnu iṣẹ́ ló máa ń wà, nítorí náà èmi ni mo ń mú ọmọ lọ síbi ijó.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, kí n má purọ́. Ilé ijó kọ̀wé sí wa pé kí a ra líótáàdì dúdú, aṣọ kan ṣoṣo tó fún mọ́ ara láti èjìká dé ìbẹ̀rẹ̀ itan, tí kò ní yẹ̀rì, tí kò ní ẹsẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo ní kò sí ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tó máa wọ èyí jáde lójú mi. Mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo rán ṣìmí onílẹ́ẹ̀sì fún un láti wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó gùn dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó, ṣìmí náà yọ nísàlẹ̀ líótáàdì bí aṣọ tábìlì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà ijó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣàlàyé pé ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní táìtì ló máa ń bo ẹsẹ̀, pé òun gbọ́dọ̀ lè rí bí orúnkún ṣe ń tẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ mi gan-an ló fi pè mí, bí ẹni pé a jọ ṣeré òṣùpá. Ẹni tí àbígbẹ̀yìn mi jù lọ́jọ́ orí! Mo rọra sọ fún un pé, "Grandma ni kí o máa pè mí." Ó gbà. Ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn, ó máa ń tètè gbà á.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi gbọ́ nípa ṣìmí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

"Màámi! Ṣìmí lábẹ́ leotard! Ẹ ò kúkú wé gèlè fún un. Ẹ rò pé ìsìn Ìkórè ló ń lọ?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ṣìmí yẹn náà ni mo rán fún ọ lọ́jọ́ tí o gba ẹ̀bùn ìwé kíkà."

"Mo mọ̀. Ó yún mi lára títí wọ́n fi gbàdúrà ìparí."

Mo bọ́ ṣìmí kúrò. Ó wá ku táìtì. Ìwé ilé ijó ní kó jẹ́ píǹkì, kí bàtà náà jẹ́ píǹkì. Mo ti wo àwọn ọmọ yòókù dáadáa. Lẹ́sẹ̀ wọn, píǹkì náà pa pọ̀ mọ́ àwọ̀ wọn débi pé tí o bá dúró lókèèrè, o ò ní mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ parí sí. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí búráùn tó bá ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi mu rẹ́gí. Mo rà á, inú mi dùn pé mo ti lóye iṣẹ́ náà. Òun ló gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Mo dúró títí àwọn ọmọ yòókù fi lọ.

"Grandma, òfin wa ni píǹkì," ni tíṣà wí.

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Àṣà ni. Láti ayé Queen Victoria ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gùn lójú, láti ìbàdí dé ọmọ ìka, láìgé sí méjì."

"Ẹsẹ̀ ta ló ń gùn?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí arúgbó. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Ó ní àṣehàn wọn máa wáyé nínú oṣù kẹfà, pé bí ọmọ kò bá wọ píǹkì, kò ní lè gun orí ìtàgé.

Nínú tíréènì, ọmọ náà fi orí ti apá mi. Ó ti ń kọ́ ijó yẹn láti oṣù kẹsàn-án. Ó ń ṣe é ní kíṣìnnì, ó di etí síńkì mú bí igi. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́.

"Mo fẹ́ jó."

"Ṣé kí o wọ píǹkì, kí ọ̀rọ̀ parí?"

Ó rò ó títí a fi kọjá ibùdókọ̀ kan. "Bí mo bá wọ̀ ọ́, ó máa dà bíi pé wọ́n yá mi lẹ́sẹ̀ ni."

Mo ti bínú tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, oorun kò kùn mí mọ́ ní ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ oorun ọ̀sán ni oúnjẹ mi. Tí ẹnì kan bá sọ fún tíṣà bíi tèmi pé àṣà ni, tíṣà máa lọ wo ibi tí àṣà ti wá. Ní Mọ́ńdé, mo lọ sí ilé ìkàwé tó wà ládùúgbò wa. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ kó ìwé mẹ́rin síwájú mi nípa aṣọ ìtàgé ayé Victoria.

Líótáàdì tí ojú ń tì mí sí yìí, aṣọ ọkùnrin ni níbẹ̀rẹ̀. Ará Faransé kan tó máa ń fò láti orí ọ̀pá kan tí wọ́n fi okùn so rọ̀ lókè sí òmíràn ló wọ̀ ọ́ kí aṣọ má baà há, kí àwọn òǹwòran sì lè rí iṣan ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni aṣọ náà ń jẹ́ títí dòní. Ó pẹ́ gan-an kó tó di aṣọ ẹ̀kọ́ ijó. Ní ayé ìgbà náà, kọ́sẹ́ẹ̀tì ni obìnrin oníjó ń wọ̀, èyí tí wọ́n fi egungun àbùùbùtán gún bọ inú rẹ̀, tí wọ́n wá fi okùn fún un mọ́ ìbàdí títí èémí fi di iṣẹ́. Yẹ̀rì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lé lórí ara wọn. Iná gáàsì ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàgé. Yẹ̀rì kan á kan iná, ó parí. Àwọn ọmọge jóná lójú àwọn tó wá wòran wọn. Oògùn kan wà tí wọ́n lè fi rẹ aṣọ kó má tètè gbiná, ṣùgbọ́n ó máa ń mú aṣọ gan, ó sì máa ń ba funfun rẹ̀ jẹ́, nítorí náà àwọn kan kọ̀ ọ́. Ẹwà ni wọ́n ń bá kiri.

Mo pa ìwé yẹn dé, mo mí kanlẹ̀. Ní ayé Victoria yẹn kan náà, àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì láti ìlú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ìyá wa ní ṣìmí rírán, wọ́n ń sọ fún wọn pé èjìká tó yọ lókè ìró, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lórí ìtàgé nílé wọn ńkọ́? Èmi fúnra mi fi rúlà wọn ìsàlẹ̀ yẹ̀rì ọmọ ilé-ìwé, mo dá àwọn kan padà sílé, mo rò pé Ọlọ́run ló ni rúlà náà.

Nínú ìwé kejì ni mo ti rí píǹkì. Ìwà ọmọlúàbí ìgbà yẹn kò gbà kí obìnrin fi ẹsẹ̀ lásán hàn. Àwọn òǹwòran, ní tiwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n wá wò. Wọ́n bá hun ìbọ̀sẹ̀ tó ní àwọ̀ ara àwọn oníjó, kó lè dà bíi pé ẹsẹ̀ lásán ni lábẹ́ iná gáàsì. Oníjó funfun ni wọ́n, nítorí náà píǹkì ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ojú mi ló ṣì í. Bó bá jẹ́ pé àṣà ni wọ́n fẹ́ pa mọ́ lóòótọ́, búráùn ni àṣà lẹ́sẹ̀ ọmọ tèmi. Ọmọ kan ṣoṣo tó pa òfin wọn mọ́ ni wọ́n fi jókòó.

Ọmọbìnrin mi kò fẹ́ gbọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó wọ píǹkì, kó jó, ká máa lọ. Mo ń gbé ìlú yìí. Kì í ṣe gbogbo ogun là ń jà."

"N ò jagun. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá tíṣà ijó yẹn tún ṣe."

Mo gbé ìwé náà lọ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fi bébà sójú ewé. Tíṣà kà á lórí ìdúró. Ó padà jókòó, ó tún un kà.

"N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní rúlà. Ẹni tó bá ń kọ́ni gbọ́dọ̀ máa yẹ ohun tí wọ́n kọ́ ọ wò."

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ọmọ lè wọ táìtì búráùn, ṣùgbọ́n bàtà gbọ́dọ̀ jẹ́ píǹkì, nítorí ìṣọ̀kan. Ìṣọ̀kan! Ọmọbìnrin mi ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ àṣehàn pé, ọmọ náà dúró níwájú dígí ní kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn ìtàgé. Nínú táìtì búráùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dáadáa títí dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà píǹkì wá gé e síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n fi nǹkan bọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń sá fún gan-an ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro.

"Grandma, pàùdà ojú yín ńkọ́?"

Ó wà nínú báàgì mi, búráùn bíi ti àwọ̀ wa. Mo fi omi díẹ̀ rin kànìnkànìn rẹ̀, a jókòó sílẹ̀, mo mú bàtà ọ̀tún, ó mú tòsì, a ń fi pàùdà kun bàtà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn oníjó dúdú ìlú yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé wọ́n á ra bàtà tán, wọ́n á tún jókòó kùn ún kó tó di tiwọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìdí.

Bàtà kejì ṣì ń gbẹ nígbà tí tíṣà yọ.

"Grandma! Kí lẹ ṣe sí bàtà náà?"

"Bàtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

"Ọ̀gá wà níwájú!"

"Á rí i dáadáa."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin. Tíṣà wo ọmọ láti ìbàdí dé ọmọ ìka. Ó sún sẹ́yìn, ó di aṣọ ìkélé ìtàgé mú fún un kó lè kọjá.

Ọmọ náà jó. Ó ṣi ẹsẹ̀ kan gbé, ó sì tètè bọ́ sí i padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó gùn délẹ̀. Ọmọbìnrin mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ wá, ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìgbà ẹ̀kọ́ tuntun dé láti ilé ijó. Táìtì píǹkì, bàtà píǹkì. Wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn òbí ọmọ tí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀ lè kọ̀wé tọrọ ààyè.

Kí a tọrọ ààyè! Kí ọmọ tọrọ ààyè kó tó wọ àwọ̀ ara tí Ọlọ́run fún un! Yàtọ̀ sí ta ni? Mo kọ èsì ojú ìwé méjì, mo tò ó ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, mo sọ ohun tó wà nínú ìwé ilé ìkàwé náà, mo sọ orí tí wọ́n ti lè rí i. Mo ní ohun tí a ń bèèrè ni kí òfin yí padà fún gbogbo ọmọ, pé a kò ní tọrọ ààyè kankan.

Ọmọbìnrin mi kà á nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀. Mo ti ń múra láti gbọ́ pé ó ti le jù.

"Màámi, ẹ ti fi 'ẹ jọ̀wọ́' kún un lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ìwà ọmọlúàbí ni."

"Ẹ yọ méjì kúrò." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó yọ wọ́n fúnra rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi.