Àwo Fẹ́ẹ̀nì Méjì Lójú Fèrèsé Uncle Akínyínká

Ẹni tó kọ́kọ́ débi àmù ló ń mu omi tó tòrò. Uncle Akínyínká ló kọ́kọ́ dé Toronto nínú àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, láyé àwọn sọ́jà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tó ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ wọn. Ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó bọ́ kóòtù òtútù tán, Uncle ti sọ ọ́ di ẹni tí ń to bẹ́ńṣì, tí ń fi mọ́tò gbé àwọn àgbà relé. Uncle ní òun ń tọ́ ọ ni. Ẹnjiníà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ. Démọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, nìkan ló béèrè ìdí tí ẹgbẹ́ kì í fi í dìbò. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Oshawa, ìlú kan nítòsí. Uncle ní ìgbéraga ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu.

Ní April, dókítà sọ fún Uncle pé ọkàn rẹ̀ ò gba wàhálà mọ́. Uncle ní láti gbé ẹgbẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ẹgbẹ́ má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù yẹn náà ni Fọláyẹmí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, gbé àwo fẹ́ẹ̀nì méjì sójú fèrèsé ilé Uncle. Fẹ́ẹ̀nì ni ewé tó máa ń hù lára ọ̀pẹ nílé lọ́hùn-ún. Ìyẹ̀ abẹ́ ewé rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn. Fọláyẹmí fọ́n ọn kún àwo kan fọ́fọ́, ó sì gbin ẹyọ kan ṣoṣo sínú èkejì.

"Uncle, nínú àwo tó kún yìí, èyí tó bá kọ́kọ́ gbó á tú nǹkan kan sínú omi. Gbogbo èyí tó bá ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á di akọ. Wọn ò ní lè bí nǹkan kan. Èyí tó dá wà yìí ní tiẹ̀, á ní ti akọ, á ní ti abo, á sì dá bímọ."

Uncle rẹ́rìn-ín. "Èyí àkọ́kọ́ yẹn gbìyànjú o. Ó sọ gbogbo wọn di ọkùnrin."

Fọláyẹmí wò ó títí. "I have class, Uncle," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láràárọ̀ ni Uncle ń bomi rin wọ́n. Tó bá dórí àwo kejì, á mi orí pẹ̀lú àánú: "Igi kan kì í dágbó ṣe."

Ní June, ó dìde nínú ìpàdé, ó sọ ohun tí dókítà wí. "Ta ló máa gba ipò yìí?"

Ogún ọkùnrin wolẹ̀. Olúyọmí, tó ń darí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ló gbójú sókè. "Ẹni tí ẹ bá ti mú, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ohun tí ẹ bá ti sọ, sà."

Àwọn tó kù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ti sáré gbé omi wá fún Uncle. Ojú ti Uncle, ẹ̀rù sì bà á.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn àwo náà. Èyí tó kún tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ fẹ́ẹ̀nì kan lára àwọn akọ náà. Ewé tuntun kan, tó ká bí òrùka, ti yọ lára èyí tó dá wà. Ó mú fóònù, ó pe Démọ́lá ní Oshawa.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Uncle," ni Démọ́lá wí. Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìpàdé ẹgbẹ́ wa níbí la wà. Àwa ogójì ń dìbò lọ́wọ́. Ṣé kí n pè yín padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Uncle Akínyínká dáhùn.