Ìyá Kọ́kọ́rọ́ Kò Gbé Kọ́kọ́rọ́ Sílẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́, ẹ má sì bo imú, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo yín náà lẹ ń lọ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún mi.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ibùdókọ̀ ńlá kan ló ti ń ṣọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: yàrá mẹ́ta lápá ọkùnrin, mẹ́ta lápá obìnrin, àti àga onígi tirẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Ọdún tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ kú ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lé e lọ́wọ́, pé kó bá wọn mú un fún ọjọ́ mẹ́ta péré títí wọ́n á fi rí ẹni gidi. Ọjọ́ mẹ́ta náà di ọdún méjìlélógún. Ìdí kọ́kọ́rọ́ yẹn ló jókòó sí tó fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Kò kàwé rárá. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ ìró bàtà ẹni tó ń bọ̀, ó ti mọ̀ bóyá ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n tàbí inú ló ń run ún.

Òfin kan ló ní: kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Tí o bá ń jáde lo máa san. Ó ní ẹni tí ara ń ni báyìí, ibo ló ti fẹ́ rí ọkàn tó máa fi ka ṣéńjì?

Ìyọnu dé nígbà tí wọ́n yan ọ̀gá tuntun fún ibùdókọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá gbé fóònù kan wá.

"Ìyá, owó ọwọ́ ti parí níbí. Inú àkáǹtì ibùdókọ̀ ni wọ́n á máa sanwó sí. Ẹ pe nọ́ńbà àkáǹtì fún wọn, kí ẹ sì ka álàátì kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn."

"Èmi ni kí n kà á?"

"Ta ló tún máa kà á?"

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé n ò kàwé."

"Mo mọ̀." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìdí nìyẹn tí àbúrò ìyàwó mi á fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti jáde. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sinmi."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò tíì sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí."

Bí ọ̀gá ti yí ẹ̀yìn báyìí, ó gbé fóònù náà lọ bá obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin yẹn tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

"Màmá, ohun kan wà nínú fóònù yìí tí ọ̀gá yín ò mọ̀. Tí fóònù ẹni tó fẹ́ sanwó bá ti kan eléyìí, owó á kọjá sínú àkáǹtì ibùdókọ̀. Kò sí nọ́ńbà pípè níbẹ̀. Mo ti fi iye tí ẹ ń gbà sínú rẹ̀. Tó bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan tó tan iná àwọ̀ ewé, owó ti wọlé. Tó bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì tó tan iná pupa, kò wọlé."

"Mo mọ pupa, ọmọ mi. Mo mọ àwọ̀ ewé."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú fóònù ló ń fi kan ojú fóònù, nítorí ó rò pé ibi tí fóònù ti ń sọ̀rọ̀ náà ni yóò ti gbowó. Kò sí èyí tó gbọ̀n. Àwọn èrò ọkọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó padà lọ bá obìnrin atúnfóònùṣe, ó sì gbọ́ pé ẹ̀yìn ni àwọn fóònù fi ń kíra wọn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, òun ló tún wá ń kọ́ àwọn tó kàwé. "Ẹ bọ́ ẹ̀wù fóònù yín, ó ti nípọn jù. Fóònù nìkan ni mo ní kí ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ o, ẹ wọ tiyín."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọ̀gá mú àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá, ọkùnrin kan tó so táì, tó sì mú fóònù álàátì tirẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn awakọ̀ sì sọ ní Akọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

"Ìyá, kọ́kọ́rọ́."

"Méjì ni wọ́n," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Kó mú ti ọkùnrin, kí n mú ti obìnrin. Tó bá fi di ọ̀sán tí ìlà tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ, màá fọwọ́ ara mi kó èkejì fún yín."

Ọ̀gá rò pé àwàdà ni. Ó gbà.

Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn mẹ́ta ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá obìnrin, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, fóònù ń kan fóònù. Lápá ọkùnrin, Akọ̀wé ń pe nọ́ńbà: "Òdo, méje, méjì, òdo, òdo..."

"Òdo mélòó nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Awakọ̀ kan di inú mú. "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ná, màá padà wá ka òdo náà."

"Álàátì yín ò tíì dé."

Ìlà ọkùnrin ti kan ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sáré dé, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, ó mọ̀ pé inú ni.

"Ṣílẹ̀kùn," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni kí álàátì tó dé. Òdo, méje..."

Ọ̀gá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó nà án sí Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ìyá ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ wọlé. Ẹ máa san tí ẹ bá ń jáde."

Nígbà tó jáde, Ìyá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù sí i.

"Èmi ni ọ̀gá ibí, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ san."

Ọ̀gá fi fóònù rẹ̀ kàn án. Iná pupa.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀."

Ó bọ́ ọ. Iná àwọ̀ ewé. Gbogbo ìlà ọkùnrin ń wò ó. Ọ̀gá tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe.

"Síbẹ̀ náà, Ìyá, ẹ ò mọ̀wé."

"Ṣé ìwé ni wọ́n ń wá kà níbí?"

Ó so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì mọ́ ìdí, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì pe awakọ̀ tó di inú mú pé kó máa bọ̀.