Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Fojú Kan Iyọ̀

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ Ghislain Lavertu ní Val-Corbin, ìlú wa ní apá àríwá Quebec, ẹ ó rò pé àná ló rà á. Ọkọ̀ náà ti gbó díẹ̀ ní ti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì pupa fòò, wíìlì rẹ̀ sì ń dán débi pé ológbò mi máa ń dúró níwájú rẹ̀ láti bá òjìji ara rẹ̀ jà. Ọkọ̀ gbogbo àwa tó kù ti jẹrà lábẹ́ bí eyín ọmọ tó ń mu ṣúgà. Ilé mi ló kọjú sí tirẹ̀, ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ni mo sì ti ń wò ó láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà kan. Ghislain ló ń wa tíípà iyọ̀ fún ìlú. Bí yìnyín bá ti bọ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Á ti wà lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ẹ̀yìn tíípà rẹ̀ á máa fọ́n iyọ̀ sọ́tùn-ún sósì kí yìnyín lè yọ́, kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀ wọ kòtò. Iyọ̀ yìí kan náà ló ń jẹ ọkọ̀ wa. Yìnyín tó bá yọ́ á di ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú, táyà á máa ta á mọ́ ilẹ̀kùn, á wọ kọ̀rọ̀ wíìlì, á sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa fi omi ṣàn án, irin ti ń wú, ó ti ń hó, ó ti dógùn-ún.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan nígbà tó ń bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ghislain, ìwọ lò ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ fún gbogbo ìlú, ìwọ nìkan ni ò sì ní jẹ níbẹ̀.”

Ó ní, “Odette, ẹni tó se é ló mọ bí iyọ̀ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ṣì lè bá a rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Gbogbo wa là ń gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì ní oṣù kọkànlá, kó fọ́n ọ́ìlì sábẹ́ rẹ̀ kí iyọ̀ má rí irin jẹ. Àdúgbò á wá máa rùn fún ọ́ìlì títí yìnyín á fi bò ó mọ́lẹ̀. Tiwa tán síbẹ̀. Ti Ghislain ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Á fi ọṣẹ fọ ọkọ̀, á tún un fọ̀, á fi ìka pa á wò bí ìyá tó ń wá ibà lára ọmọ. Á fi ìda pa á, á fi aṣọ òwú nù ún, á tún fi ìda mìíràn lé e. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ kọ̀rọ̀ wíìlì. Á tú àwọn wíìlì náà sílẹ̀, á fi ìda pa àwọn náà, á wé wọn, á gbé wọn lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà á gbé ọkọ̀ lé orí igi nínú àgọ́ tapólì tó pa síwájú ilé, á sì fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bò ó. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí ìyá Huguette ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kó tó kú ni. Kò bèèrè lọ́wọ́ Huguette kó tó mú un.

Láti ọjọ́ yẹn títí di oṣù karùn-ún, ọkọ̀ kò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ ni Ghislain fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ni Huguette fi ń lọ ra nǹkan. Huguette kì í ṣàròyé. Ilé ìdáná ilé ìwé ló ti ṣiṣẹ́ dàgbà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohun tó wúwo láìpariwo.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dùn ún, Colombe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Colombe ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Anse-Morel ló ń gbé, lẹ́yìn òkè, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á ríra, bí yìnyín bá ti dé, ó di orí fóònù.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Colombe bẹ̀rẹ̀ àìsàn kété lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo wà nídìí tábìlì wọn, à ń mu kọfí, nígbà tí Huguette gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ní, “Rosaire ọmọ Colombe ló pè. Wọ́n ti gbé ìyá ẹ̀ kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti gbé e wálé.”

Ghislain ní, “Ṣebí ìyẹn dáa.”

“Kò dáa. Wọ́n gbé e wálé kó wá kú ni. Ghislain, gbé mi lọ kí n rí i.”

Ghislain wo àgọ́ tapólì láti ojú fèrèsé.

“Jẹ́ kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Tí òjò bá ti fọ iyọ̀ kúrò lójú títì, ọjọ́ yẹn gan-an ni mà á gbé ẹ lọ.”

“Tí kò bá dúró de òjò ńkọ́?”

“Ta ni? Colombe? Colombe tó le ju màlúù lọ? Ó máa dúró.”

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, “Ghislain, ọkọ̀ ni o, kì í ṣe ẹyin.”

“Odette, má bá mi dá sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá gorí iyọ̀, gbogbo làálàá mi ti wọgbó. O ti wo abẹ́ tìẹ wò?”

“Mo ti wò ó. Ó jẹrà, ó sì ń gbé mi débi tí mò ń lọ.”

Huguette sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó wọ kóòtù ẹ̀, kí n gbé e lọ lọ́la. Ó mi orí.

“Mo ti sọ fún Colombe pé ọkọ mi ló máa gbé mi wá. Gbogbo Anse-Morel ló mọ̀ pé Ghislain ní ọkọ̀. Tí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ aládùúgbò, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Kí n ní ọkọ̀ ọkọ mi ń sùn?”

“Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òótọ́ ni.”

“Odette, ojú á tì mí.”

Mo mọ obìnrin náà. Ó lè pa ebi mọ́nú, kò lè pa ìtìjú. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, Colombe á bi í pé, “Ṣé ẹ ti wà lọ́nà?” Huguette á ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó yá, Colombe kò lè mú fóònù mọ́, Rosaire ló ń bá a dì í mú sétí.

Ó kú nínú oṣù kẹta, yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé.

Ilẹ̀ tiwa kì í ṣeé gbẹ́ nígbà òtútù. Ẹni tó bá kú, inú ilé òkúta tó wà létí ìtẹ́ òkú ni a ń tẹ́ ẹ sí títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Nítorí náà ni Rosaire ṣe ní oṣù karùn-ún ni wọn máa sin ìyá òun. Nígbà tí Ghislain gbọ́, ó fọwọ́ kan Huguette léjìká. Ó ní, “Ṣé o rí i? A ò ní pẹ́ dé.” Mo wà níbẹ̀. Mo gbé ife kọfí mi kalẹ̀, mo sì lọ sílé, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ nílé onílé.

Oṣù karùn-ún dé. Ó ṣí àgọ́, ó dá wíìlì padà, ó fọ ọkọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Huguette wọ aṣọ dúdú, ó ní kí n bá wọn lọ. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Huguette kọjú sí fèrèsé títí a fi gba orí òkè kọjá. Bí ọkọ rẹ̀ bá rí omi lójú ọ̀nà, á yà á sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

A sin Colombe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní ọbẹ̀ ẹ̀wà àti páì ẹran nílé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúró síta, èmi náà wà láàárín wọn, Rosaire sì ń yí ọkọ̀ náà po.

Ó ní, “Ańkù, ọkọ̀ yìí mà dáa o. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

Ojú Ghislain tàn. Ó sọ ti ìda, ó sọ ti búrọ́ọ̀ṣì, ó sọ ti ọ́ìlì. “Ju gbogbo ẹ̀ lọ, iyọ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Ìdí nìyẹn tá ò fi lè wá nígbà tí màmá ẹ wà láyé. Ọ̀nà yín yìí ni.”

Rosaire wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. “Iyọ̀ wo, Ańkù? Wọn kì í da iyọ̀ sọ́nà tiwa. Òtútù ibí ti le jù, iyọ̀ ò lè yọ́ nǹkan kan. Láti ibi tí ìlú yín ti parí títí dé ẹnu ọ̀nà wa yìí, yìnyín funfun ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni wọ́n ń fọ́n lé e.”

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkùnrin tó ń wa tíípà iyọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Huguette ti dúró lẹ́yìn wa, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Ghislain, àwọn pópó inú ìlú tó kù yẹn, láti iwájú ilé wa dé ibi tí ìlú parí, ta ló ń da iyọ̀ sí i?”

Gbogbo wa la mọ ẹni náà.

Huguette ní, “Ò bá ti fi iyọ̀ sílẹ̀ láìdà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan péré.”

Ghislain wo ilẹ̀, ó wo ọkọ̀. Ó wá ní, “Òkúta wẹ́wẹ́ náà ńkọ́? Òkúta náà máa ń họ ọ̀dà.”

Huguette gbé àwo rẹ̀ fún mi. Ó bi Rosaire bóyá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́, Rosaire ní ó wà. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

A dúró dè é títí, kò jáde. Nígbẹ̀yìn, èmi àti Ghislain nìkan la padà. Òkúta tó kù láti ìgbà òtútù ṣì pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé ó máa sọ nǹkan, ó kéré tán kó sunkún. Ó kàn dín eré kù ni, ó ń rọra wa ọkọ̀ lọ kí òkúta má baà ta sí i lára.