Ẹní Tí Mo Gbé Lọ sí Kámpù Awo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tí mo wọ̀ dúró ní oríta Sẹkọna kí èrò kan lè ra iṣu. Bí mo ṣe yọjú síta, mo rí obìnrin kan tó ń tú ẹní titun sílẹ̀ létí títì, atẹ́gùn sì gbé òórùn wọn wọlé bá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé orí tìmùtìmù lẹ dàgbà sí, ẹ lè má mọ òórùn yẹn. Ó dà bíi koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó sì ní ìkorò díẹ̀ nínú. Èrò ń ná iṣu, àyà tèmi ń já. Mo ti ní ọmọ-ọmọ o, síbẹ̀ mo ṣì ń bẹ̀rù òórùn ẹní titun, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún.

Agboolé tí wọ́n bí mi sí wà láàárín Ẹdẹ àtijọ́. Bàbá mi ń dáko ní Alajue, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wálé kí Jímọ̀ lè bá wọn nílé. Ata gbígbẹ ni ìyá mi ń gún tà, gbogbo wa la sì máa ń sín láti àárọ̀ dalẹ́. Yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ń sùn, lórí ẹní tèmi lọ́tọ̀. Ìdí tí ẹní mi fi dá wà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní agboolé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ń tọ̀ọ́lé.

Kì í ṣe lójoojúmọ́ o. Ká ní ojoojúmọ́ ni, bóyá ọkàn mi ì bá tiẹ̀ balẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní ṣẹlẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í yan bí ìyàwó olóyè, àfi kí n jí lọ́jọ́ kan kí n bá ara mi nínú omi. Ìyá Àgbà kì í bú mi. Wọ́n á kàn ká ẹní náà nílẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a sórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ agboolé nìkan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti àwọn ará ìta, mo gbà pé ẹnì kankan ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, tísà wa, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé wa, kéde pé a ó lọ pàgọ́ sí pápá kan ní Awo, a ó sì sun oorun ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì hó yèè. Mo bá wọn hó. Ìgbà tí wọ́n wá sọ pé ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni yóò máa sùn nínú àgọ́ kan ni mo rọra jókòó padà. Sidikatu, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ti ń fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Èmi àti ẹ la jọ máa sùn o!" Ọdún Iléyá mẹ́ta ló ti ń bẹ̀ mí kí n wá sùn nílé wọn, tí mo sì ń parọ́ oríṣiríṣi fún un. Irọ́ ti tán lápò mi.

Nílé, wọ́n sọ̀rọ̀ náà títí. Bàbá mi ní, "Ẹni tó ní òrùlé lórí, kó wá lọ sùn sínú igbó? Kí nilé fi ṣe é?" Ejò ni ti ìyá mi. Alaalẹ́ ni wọ́n ń rántí ejò tuntun, títí tí wọ́n fi dé orí èyí tó jẹ́ pé abẹ́ aṣọ ìbora nìkan ló fẹ́ràn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ejò ló ń bà mí lẹ́rù. Ká sòótọ́, mo ń gbàdúrà pé bí ejò bá wà ní Awo lóòótọ́, kó tètè ṣán mi kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú.

Ìyá Àgbà nìkan ló mọ ohun tó ń jẹ mí. Wọ́n kó abọ́, ife, ṣíbí, pákò àti ọṣẹ mi jọ, wọ́n yá tọ́ọ̀ṣì bàbá mi, wọ́n sì ra ẹní titun. Wọ́n fọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Èyí ò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ." Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo bá ti kírun Àsárì, omi di èèwọ̀ fún mi, àgbàdo yíyan ni wọ́n fi ń gbà mí níyànjú. Ààwẹ̀ tèmi wá ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí alááwẹ̀ ń múra àtiṣínu. Wọ́n á jí mi lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo àárọ̀ tí ẹní mi bá gbẹ, mo máa ń fi èédú fa ìlà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Síbẹ̀ ẹ̀rù kò lọ. Ohun tí n kò lè fara dà ni kí Sidikatu mọ̀. Ó sàn fún mi kí ẹni tí n kò fẹ́ràn mọ̀ ọ́n. Ni mo bá wá ìjà. Mo sọ fún un lójú àwọn ọmọ kíláàsì pé kó yọ orúkọ mi kúrò nínú àgọ́ tirẹ̀, pé ó máa ń hanrun, n kò lè sùn tì í. Bẹ́ẹ̀, mi ò sùn tì í rí láyé mi. Ojú rẹ̀ fà ro. Kò bá mi jà. Ó kàn sún lọ sí etí bẹ́ǹṣì, àlàfo tó fi sílẹ̀ láàárín wa tó ẹni kan jókòó sí.

Ìlà èédú ti pé mẹ́sàn-án nígbà tó ku ọ̀la kí a lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo jí, tí gbogbo ẹ̀yìn mi tutù. Mi ò sunkún. Mo sọ fún ìyá mi pé ara mi ò yá, mi ò lọ mọ́. Inú wọn dùn débi pé wọ́n se ìrẹsì fún mi.

Lọ́sàn-án, Sidikatu wọ agboolé wa. Èmi nìkan ni mo wà níwájú ilé, tí mò ń yí ẹní mi padà sóòrùn lórí ògiri. Kò síbi tí mo fẹ́ sá sí.

Ó ní, "Wọ́n ní ara rẹ ò yá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fẹnu tọ́ka sí ògiri. "Ṣé nítorí ẹní yẹn ni?"

"Ẹní wo?"

"Mo máa ń rí i tí mo bá ń kọjá lọ sílé kéú. Láti ìgbà tá a ti wà ní kíláàsì kejì."

Ilẹ̀ ò lanu. Mo ní, "O mọ̀, o ò sì sọ?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí kò nítumọ̀. "Kí n sọ fún ta?"

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó yẹ kí n ti sun láàárọ̀ wá dé. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìhanrun. Ó ní òun tiẹ̀ ti lọ bi ìyá òun, wọ́n sì ní òun máa ń hanrun lóòótọ́. Ó wá là á sílẹ̀ bí àgbàlagbà: èmi ni n ó sùn sí ìkángun, òun ni yóò sùn tì mí, òun ni yóò sì máa jí mi gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti ń ṣe. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, a ó jọ ká ẹní náà kí àwọn tó kù tó lajú.

Mo sọ fún ìyá mi pé ara mi ti yá, a sì lọ. Mo jókòó ṣánṣán nínú ọkọ̀, mi ò fẹnu kan omi láti Ẹdẹ títí dé Awo. Kò sí ejò kankan. Òjò ló wà. Òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí rọ̀ sórí àgọ́ wa lálẹ́ àkọ́kọ́, ó gba ìdí wọlé, ó rin gbogbo wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹní tó wà ní kámpù ló wà lórí ọgbà, ti tísà pàápàá. Títí di òní olónìí, mi ò mọ̀ bóyá òjò nìkan ló rin tèmi. Sidikatu wo ẹní mi, ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì pa wá débi pé tísà ní ká lọ pọnmi fún gbogbo ibùdó. Alẹ́ méjì tó kù, ó jí mi, ẹní mi sì gbẹ. Kí n tó wọ kíláàsì kẹfà, ìtọ̀ọ́lé náà ti fi mí sílẹ̀, láìdágbére.

Ilé ọkọ gbé Sidikatu lọ sí Ìwó. Iléyá sí Iléyá la ń ríra, títí Ọlọ́run fi pè é. Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ oore tó ṣe fún wọn, mo sì jókòó láìsọ nǹkan kan, nítorí tèmi kò ṣeé fi ẹnu sọ láwùjọ nígbà náà.

Ògiri kúkúrú ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ń fi bọ́ọ̀sì rìn lọ sí kámpù, wọ́n sì ń fi fóònù pe ilé kí wọ́n tó sùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ọmọ tó ń di ẹrù rẹ̀ tí kò ní ohun kan tó ń bẹ̀ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má rí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa àgbà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wá ọ̀rẹ́, n kì í wo ohun tí ó lè sọ. Ohun tí ó mọ̀, tí kò sọ, ni mo máa ń wò.