Ebè Tí Bàbá Oko Tún Tò

Òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Òsì, ìlú wa, kí ti iṣu sísun tó tẹ̀lé e. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àdúà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé mi wálé. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá láti Ìlọrin ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n èmi dúró sẹ́yìn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lé àpótí ìjókòó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Oko, mo sì ń ṣe ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mò ń ṣe. Bí ìròyìn bá kan ilẹ̀ oko tàbí ọ̀nà tí òjò bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa ń ya máàpù rẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo fi ń yà á kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ kọ kóòdù rẹ̀, tí wọ́n tú u sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ á lò ó lọ́fẹ̀ẹ́; ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe á ṣí inú rẹ̀, á fi tirẹ̀ kún un, bí àwọn alábòójútó rẹ̀ bá gbà fún un. Irinṣẹ́ náà mọ òkè yà, ó mọ odò yà. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó ya oko iṣu, á to ebè bí ọmọ iléèwé tó tò láàárọ̀, ìlà rẹ̀ á gún gbọọrọ, ì báà jẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Èmi tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ òkè mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wá ń kọ kóòdù tuntun tí yóò jẹ́ kí ìlà ebè máa tẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe tẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn alábòójútó máa dá gbígba nǹkan tuntun dúró. Bí tèmi kò bá wọlé, ó di ọdún mìíràn. Ọkàn mi fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ni mò ń ròyìn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà ṣe ọ̀kan, kí àwọn tí kò mọ̀ mí rí máa lò ó.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alaasari, àwòrán náà jáde lójú láptọ́ọ̀pù. Ebè ń tẹ̀ lé ara òkè bí ẹni ń yí i ká! Mo pariwo. Ìyàwó Bàbá Oko, tó máa ń pe èmi ọmọbìnrin ilé ní ọkọ, sáré jáde láti ibi ààrò, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

“Ejò ni, ọkọ mi?”

“Rárá o. Ebè ni.”

Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wo láptọ́ọ̀pù. “Ṣé bí ìwé ṣe ń ṣe yín nìyẹn?”

Bàbá Oko náà yọ, wọ́n ṣì ń ká ẹní ìrun wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ta ló kọ ebè yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O kú iṣẹ́. Òjò kan péré, uṣu rẹ á ti dé odò.” Uṣu là ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa. Wọ́n na ìka sí àwòrán náà. “Ebè tòkè àti tìsàlẹ̀ wà lójú kan náà. Poro tó wà láàárín wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu látòkè délẹ̀. Ọ̀nà lo là fún omi yẹn, akọ̀wé.”

Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ rọra bá ọkọ mi wí. Ọjà ni wọ́n ti ń hú iṣu ní ìlú tí wọ́n ń gbé.”

Ọjọ́ méjì ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé Bàbá Oko lọ sí oko wọn lọ́nà Òkè-Ọ̀pin. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí a gbé wá mu, wọ́n dúró lókè, wọ́n sì da omi náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sáré wọ poro àkọ́kọ́, ó kọ lu ebè tó wà lẹ́nu poro náà nísàlẹ̀, ó pín sí méjì, ó tún kọ lu òmíràn. Nígbà tó fi dé ìlà kẹrin, ilẹ̀ ti mu ún tán.

“Omi kì í gba oko mi kọjá,” wọ́n ní, “láì kí ebè kọ̀ọ̀kan.”

Mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo délé, àtúnṣe náà kò ju ìlà kóòdù mélòó kan lọ: kí gbogbo ìlà ebè kejì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwọ̀n ìdajì ebè kan.

Nígbà tó di Ẹtì, òjò ti gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òsì lọ. Mo bá ọlọ́kadà kan lọ sí Òdò-Ọ̀wá, lójú ọ̀nà tó ti di ẹrẹ̀. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ di èmi mú. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà di ara rẹ̀ mú.” Lábẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀bù kan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé, mo sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tí obìnrin alábòójútó kan, tí n kò rí sójú títí dòní, fi kọ̀wé padà: kí ló dé tí ìlà kejì fi yẹ̀? Ṣé àṣìṣe ni? Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá Oko fún un, mo sì ṣàlàyé bí omi kẹ́ẹ̀gì ṣe rìn. Èsì rẹ̀ kò gùn: “A ti gbà á. Jọ̀wọ́, fi ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yẹn sínú àlàyé kóòdù náà.”

Mo fò sókè. Ọlọ́kadà ní, “Mọ̀mí, ṣé wọ́n gbà yín síṣẹ́ ni?”

“Ebè ni wọ́n gbà!”

“Ha,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ ilé.”

Mo ti ronú lé e lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ká ní àwòrán Ọjọ́rú yẹn ni mo fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á. Kò sí ẹnìkan lára wọn tí ì bá mọ̀ pé ohun kan kù. Àṣìṣe mi ì bá wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ì bá sì rẹwà lójú gbogbo èèyàn, àyàfi ẹni tó ń fi ọkọ́ jẹun. Nísinsìnyí, bí mo bá parí ìròyìn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan, mo máa ń kà á sétí onítọ̀hún kí olóòtú mi tó rí i, kí ẹni náà lè fi mí ṣẹ̀sín nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Olóòtú mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Mo jẹ́ kó máa wí.