Mọ́tò Ìdíje Tí Èmi àti Sàfú Tò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró sọ́dọ̀ ṣumékà kan ní Ìyànà Ìbà kó bá mi lẹ bàtà mi tó lanu. Bó ṣe ṣí agolo gọ́ọ̀mù rẹ̀ báyìí, tí òórùn yẹn gba imú mi lọ sí ọpọlọ, ẹ̀rín pa mí. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Màámi, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Òórùn gọ́ọ̀mù ti gbé mi padà sí bárékè Ọ̀jọ́, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Sàfúrátù ọ̀rẹ́ mi.

Òkòkòmáìkò là ń gbé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nínú ọjà bárékè, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń lo ọlidé. Ọmọ sọ́jà ni Sàfú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa gan-an ni ilé wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bàbá rẹ̀ ní tiwọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ti ń bọ̀, adìẹ pàápàá á yà fún wọn lọ́nà.

Ní ọlidé kan, bàbá yìí ti òkè òkun dé láti ibi tí wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gbé páálí ògbólógbòó kan lé Sàfú lọ́wọ́. Wọ́n ya mọ́tò ìdíje sára rẹ̀, pupa fòò, gbọọrọ bí ẹja, tí eruku ń sọ lálá lẹ́yìn rẹ̀. A ṣí páálí. Kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀. Ike wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n so kọ́ra wọn bí egungun ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran rẹ̀ tán.

Ìyá Sàfú pàtẹ́wọ́. "Bàbá Sàfú, wọ́n ti ta mọ́tò fífọ́ fún yín o!"

"Kò fọ́," ni bàbá wí. "Àwọn ọmọ ló máa tò ó." Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bí a ṣe jókòó tì í nìyẹn. Gọ́ọ̀mù inú páálí ti gan bí òkúta, nítorí náà a tọrọ lọ́wọ́ ṣumékà tó ń lẹ bàtà àwọn sọ́jà. A lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ike, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka wa, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun Sàfú. Kíútẹ́ẹ̀sì pupa tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi ń kun èékánná la fi kun mọ́tò náà. Táyà kan kọ̀, kò yí mọ́, torí gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù níbẹ̀. Sàfú ní kò sí wàhálà, táyà yẹn ni búréèkì.

Ibi tí a dé rèé tí ìròyìn fi dé pé wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ máa lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Lọ́rí tó máa kó wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A kò sunkún, iṣẹ́ la kánjú ṣe. Àwọn nọ́ńbà àti ilà aláràbarà tó wà lórí bébà kékeré kan nìkan ló kù kí á lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò. A fi èékánná ṣí wọn, wọn kò ṣí. A fi ẹ̀kọ gbígbóná pa á lẹ́yìn, ó kọ̀.

"Ṣebí bí sítáǹbù lẹ́tà ni, itọ́ ló ń fẹ́," Sàfú wí. Ó gé ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì, mẹ́jọ ni, ó jù ú sẹ́nu, ó panu dé. Nígbà tí yóò fi fa bébà náà yọ, òfìfo ni.

"Níbo ló wọlé sí?" mo béèrè.

Ó lanu láti dá mi lóhùn. Mẹ́jọ ló dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ahọ́n rẹ̀, dúdú kedere, bí ìgbà tí tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀. Mo figbe ta. Ó rò pé ikú dé, ó sáré wọlé.

"Yọ ahọ́n ẹ kí n rí i! Ta ló kọ nǹkan sí ọ lẹ́nu?" ìyá rẹ̀ ń pariwo.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà kò yé mi lákọ̀ọ́kọ́. Bàbá Sàfú ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n bu omi sínú abọ́, wọ́n ní, "Omi ló ń fẹ́, kì í ṣe itọ́." Wọ́n ju mẹ́jọ kejì sí i, wọ́n ní kí á ṣe sùúrù. Nígbà tó ṣe, nọ́ńbà náà yọ̀ kúrò lórí bébà bí awọ tín-ín-rín, wọ́n sì fi ìka ńláńlá wọn yẹn rọra tì í sára mọ́tò.

Ti inú ẹnu Sàfú ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò kò ní nọ́ńbà.

"Ta ló fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?" ni Sàfú wí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ ní ẹrù ti kún lọ́rí, àwọn kò ní gbé ike kankan dé Kàdúná. Sàfú na mọ́tò náà sí mi. Ó wù mí kí n gbà á, ó sì ń ṣe mí bíi pé tí mo bá gbà á, Sàfú ti lọ pátápátá nìyẹn. Ọwọ́ mi kò gbé. Bàbá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà sọ́jà wọn, wọ́n tẹ́ mọ́tò náà sínú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ, wọ́n sì gbé e lé itan wọn níwájú lọ́rí. Sàfú ń juwọ́ sí mi títí lọ́rí fi yà lẹ́nu géètì.

N kò rí i mọ́ láti ìgbà náà. Ẹlòmíràn ló ń tajà níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi wà báyìí, inú fóònù sì ni àwọn ọmọ ti ń fi mọ́tò díje. N kò bá wọn jà. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀, mo sì kọ lu ògiri lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ àná, ní Igbó-Elérin, mo rí ọmọbìnrin méjì lórí àtẹ̀gùn ilé kan, fóònù kan ṣoṣo láàárín wọn, mọ́tò ìdíje ń sáré lójú rẹ̀. Ìyá ọ̀kan ń pè é kó wá jẹun.

"Màámi, ó kù díẹ̀!"

Ìyá tún pè. Ó tún kù díẹ̀. Mo fẹ́ bá ìyá náà sọ̀rọ̀, pé kó jẹ́ kí oúnjẹ tutù. Ó máa ń kù díẹ̀ lóòótọ́ kí lọ́rí tó dé.